Iye Èèyàn Ìlú Náà

Ọ̀pá oparun tíṣà wa ní Lálúpọn kò kúrò lójú mi. Òun ni wọ́n fi ń tọ́ka sí ìlú kékeré kan lórí máàpù Amẹ́ríkà, wọ́n á sọ odò rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ dó, àti iye èèyàn ibẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, "Tíṣà, àwa ńkọ́?"

Wọ́n ní àwọn á ka èèyàn Lálúpọn, ilé ara wọn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó wọn bẹ̀ wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọ̀pá ka àwọn ọmọ wọn: mẹ́rin.

Kí ọyẹ́ tó lọ, èéyí pa àbíkẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá dé orí iye èèyàn ìlú Amẹ́ríkà yẹn, wọ́n á kẹ̀yìn sí wa: "Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀."

Èmi náà ti bímọ báyìí. Tí wọ́n bá bi mí pé mélòó, mo máa ń ní, "Wọ́n pọ̀."