Ìpín Tí Ìyá Monílọ́lá Kò Tà

Ní ọdún 2008, nígbà tí iye ìpín àwọn ilé-iṣẹ́, ìyẹn ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ń sáré ta tiwọn. Ìyáàfin Ìbídùnní Akínbọ̀wálé kò tà. Ìyá Monílọ́lá là ń pè é ní àdúgbò wa, Ijapo. Ọmọ Oǹdó ni, fáìlì ló ń tọ́jú ní ọ́fíìsì, ó sì ku ọdún márùn-ún kó fẹ̀yìntì. Mo ti ka ìwé ìdókòwò títí ojú fi ń ta mí, mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ló fi rà á. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, á wọ takisí lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, bùròkà tó ń bá a ra ìpín, á ra díẹ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin péré: báǹkì kan, símẹ́ǹtì, ọṣẹ, ìyẹ̀fun. Owó ọjọ́ ogbó ni, kì í fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ọjà ìpín fi ṣubú tán, ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ ló kù níbẹ̀. Adélaní, tí tábìlì wọn kọjú síra ní ọ́fíìsì, ti ta tirẹ̀, ó sì ti fi owó rẹ̀ ra ọ̀kadà méjì.

"Ìyá Oníṣíà, ọkọ̀ ń rì, ẹ sì ń gbálẹ̀ inú rẹ̀."

"N ò gbálẹ̀ o, Adélaní. Àga olówó pọ́ọ́kú ni mò ń rà sí i."

Tilé ló le. Lawrence ọkọ rẹ̀ ti rí ilẹ̀ kan tó fẹ́ kí wọ́n rà ní Ìgbàrà-Òkè.

"Ìyá Monílọ́lá, tà á kí èyí tó kù tó lọ."

"Bàbá Monílọ́lá, oúnjẹ wa lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì nìyẹn. Tí a bá tà á báyìí, àdánù yẹn ti di tiwa nìyẹn."

"Tó bá wá di òfo ńkọ́?"

Ní Sátidé, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ kí bàbá tó bí òun, Bàbá Oyèníyì, ní Oǹdó. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó na ọwọ́ sí oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Kòkó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tí ìyàwó rẹ bí Monílọ́lá, owó kòkó wálẹ̀, mo bínú fi àdá gé e. Nígbà tó di ọdún kẹta, owó gòkè. Àwọn tí kò gé tiwọn kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi ń wú ẹ̀gẹ́."

Lawrence ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ pé igi náà ti ń kú ńkọ́?"

"Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò ni? Tèmi ń so lọ́jọ́ tí mo gé e. Ọjà ló ń ṣàìsàn, igi kọ́."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé mélòó ni mo kà kí n tó rí i!

Ní ọjọ́ Ajé, tọkọtaya jókòó síwájú Ayọ̀dèjì, wọ́n yẹ igi wọn, ìyẹn ilé-iṣẹ́ mẹ́rin náà, wò. Mẹ́ta ṣì ń tajà, wọ́n ṣì ń pín èrè. Báǹkì yẹn nìkan ni gbèsè ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n ta ìyẹn, wọ́n fi owó rẹ̀ kún símẹ́ǹtì, Ìyá sì ń bá rírà rẹ̀ lọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ó fẹ̀yìntì ní 2013. Èrè ọdọọdún ń ra oúnjẹ wọn, ó tún ń ṣẹ́kù. Ní 2015, ọjà tún ṣubú. Lawrence ló gbé bàtà wọ̀ ṣáájú.

"Ìyá Monílọ́lá, dìde, ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ṣì ń so, ká rà sí i."