Aago Bàbá Prínsípà Nínú Fíìmù Wa

Nígbà tí ojú Bàbá Prínsípà hàn gàdàgbà lára aṣọ funfun tí a fi ń wo fíìmù, àyà mi já. Bàbá fúnra rẹ̀ wà ní ìlà iwájú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Bọ́sẹ̀dé, ọmọ wọn obìnrin. Mo sì ti búra fún wọn pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ilé wọn la ti ya fíìmù náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi ná. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní tèmi, ilé ni mò ń wò kí n tó rí oúnjẹ jẹ. Èmi ni mo máa ń wá ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù máa lò. Lókéṣọ̀n là ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Sístà Lókéṣọ̀n káàkiri Ẹgbẹ́dá. Bí mo bá bẹ onílé tán, èmi náà ni mo máa bẹ aládùúgbò kó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, tí mo sì máa bẹ pásítọ̀ tó gbé gbohùngbohùn síta pé kó fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ jẹun. Orúnkún mi ló mọ̀ ọ́n.

Bọ̀dá Súlè tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í yé sọ ọ́ pé, "Kẹ́mi, bọ́ ilé síhòòhò kó o tó wọ aṣọ mìíràn fún un." Ohun tó ń wí ni pé kí n kó gbogbo ohun tó bá lè tú onílé fó kúrò lára ògiri: fọ́tò, sátífíkéètì, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ yìí dunjú.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló kọ fíìmù yìí, òun náà ló darí rẹ̀. Owó tó rí kó jọ kò tó nǹkan, kò sì sí gbajúmọ̀ òṣèré kan nínú rẹ̀. Ìtàn ìdílé méjì tó jọ ń gbé ẹ́sítéètì kan ni. Nínú ọ̀kan, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ baba ilé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń so táì jáde láràárọ̀ kí ìyàwó má bàa mọ̀. Nínú èkejì, ọmọbìnrin wọn kó kúrò nílé ọkọ, ìyá rẹ̀ sì ń fi í pamọ́ fún àlejò. Mo rí ilé fún wọn ní ẹ́sítéètì Gowon. Bàbá Prínsípà, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì, yọ̀ǹda tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé òun ló kọ́ olùdarí wa ní ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Mọ́mì, ìyàwó Bàbá, fà mí wọ kíṣìnì.

"Kẹ́mi, ṣé o rí Bọ́sẹ̀dé àti ọmọ ẹ̀ yẹn? Wọn ò wá kí wa o. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀. Àdúgbò ò tíì gbọ́."

"Ha, Mọ́mì."

"Tí wọ́n bá wá rí ilé wa nínú fíìmù yín ńkọ́? Wọ́n á ní ìtàn wa la gbé jáde. Ojú á ti ọmọ mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó máa dá ilé yìí mọ̀."

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ìjọba ló kọ́ àwọn ilé náà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Mo kó fọ́tò kúrò, mo pààrọ̀ kọ́tìnì, mo da aṣọ bo àwọn àga. Ohun tí mo fi sílẹ̀ ni aago kan ní kọ́rídọ̀. Ó wà lára àwọn aago tí wọ́n pín fún àlejò níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì Bàbá. Fọ́tò rẹ̀ wà láàárín, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọwọ́ aago méjèèjì sì jáde láti ibi imú rẹ̀. Kámẹ́rà kò ní ohunkóhun í ṣe ní kọ́rídọ̀, nítorí náà mi ò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí mo ń bẹ oní-jẹnẹrétọ̀ níta ni olùdarí ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kọ́rídọ̀ sílẹ̀, pé ó lẹ́wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé la pe gbogbo àdúgbò wá wo fíìmù náà. Olùdarí wa ń jẹ èékánná. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní kò dùn, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìbọn, tí kò sì sí ẹbọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkùnrin onítáì ti jókòó sábẹ́ igi tó ń jẹ ẹ̀pà ní àkókò iṣẹ́, ìyá kan pòṣé, ó ní, "Lọ sọ fún ìyàwó ẹ, jàre!" Bàbá kan bèèrè ìgbà tí ìjà máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ṣé ẹ ò rí i pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ ni?"

Lẹ́yìn náà ni aago yọ. Ìyá Sàdíà, aránṣọ tí gbogbo òpópónà ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, fò dìde.

"Háà! Bàbá Prínsípà rèé! Aago ìfẹ̀yìntì yín nìyẹn! Ilé ta lèyí?"

Ẹnì kan dá fíìmù dúró. Mọ́mì di ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé mú. Èmi ń wo ilẹ̀kùn, mò ń ro ibi tí mo máa gbà sá lọ.

Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ dúró ná. Irú aago yẹn wà ní kọ́rídọ̀ wa."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Dádì Tọ́pẹ́! Àṣé ìgbà tí mo lọ sí Àkúrẹ́ lẹ fi ilé wa ṣe fíìmù?"

"Èmi kẹ̀?"

"Tiwa náà wà lókè fìríìjì," ni ẹlòmíràn wí.

"Tiwa ti kú, àmọ́ ó ṣì wà lára ògiri."

Kíá ni gbọ̀ngàn dàrú. Oníkálùkù ń wo ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ bí olè. Àṣé gbogbo òpópónà ni Bàbá fún ní aago! Bàbá rọra dìde, ó kọjú sí wọn bí ìgbà tó bá dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò láàárọ̀.

"Gbogbo ẹni tí mo fún ní aago, ẹ nàwọ́ sókè."

Ọwọ́ ń lọ sókè níbi gbogbo.

"Ó dáa. Ẹni tó bá jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni, kó wá rí mi ní ọ́fíìsì. Ẹ jókòó, ká wo fíìmù."

Ẹ̀rín sọ. Mo mí kanlẹ̀, ara tù mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Àṣìṣe tí ì bá tú wọn fó gan-an ló wá bo àṣírí wọn.

Nígbà tí fíìmù parí, olùdarí ní kí wọ́n sọ èrò wọn. Ọkùnrin kan ní kí ọmọbìnrin inú fíìmù padà sílé ọkọ, pé obìnrin ní láti fara dà á. Ìyá Sàdíà tún dìde. Mo ní ó tán.

"Kó padà síbo? Èmi padà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi fara dà á. Nínú gbogbo yín tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló kí mi kú ìfaradà rí?"

Bọ́sẹ̀dé bá yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

"Ẹ kú ìfaradà, mà. Èmi ò ní padà. Oṣù kẹfà rèé tí mo ti wà nílé àwọn òbí mi."

Mọ́mì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Sàdíà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa Bọ́sẹ̀dé dìde.

"Oṣù mẹ́fà, a ò gbọ́? Káàbọ̀, ọmọ mi."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wí i lọ́kọ̀ọ̀kan, káàbọ̀, káàbọ̀ o. Ìgbà náà ni Bọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún. Láti oṣù mẹ́fà tó ti dé, ẹnikẹ́ni ò tíì kí i káàbọ̀.