Ẹni Tí Kò Húkọ́

Kókó tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ ni wọ́n rí nínú ẹ̀dọ̀fóró àbúrò mi obìnrin, mo sì jowú rẹ̀.

Kò ṣàìsàn o. Iṣẹ́ oúnjẹ sísè fáwọn tó ń wa epo lójú omi ló fẹ́ wọ̀, wọ́n ní kó lọ ya àwòrán àyà kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tí dókítà gbé àwòrán náà sójú iná ló rí àmì funfun roboto. Ó ní púpọ̀ nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé ó lè jẹ́ àpá àìsàn àtijọ́ tó ti san. Síbẹ̀, ó ní kó padà wá ya òmíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí kókó náà ò bá tóbi sí i, ẹ̀rù á dín kù. Ó béèrè bóyá ó ń mu sìgá. Àbúrò mi ní rárá, àmọ́ inú èéfín ni wọ́n ti tọ́ òun.

Ìlàjẹ ni wá. Ẹja ni Màmá wa ń yan tà létí omi ní Ogbe-Ijoh. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n da omi sí iná ẹja. Wọ́n ní àwọn ò ní yan ẹja mọ́ títí àwọn á fi mọ ohun tó wà láyà ọmọ àwọn.

Èmi gan-an ni mo máa ń húkọ́ nílé yẹn! Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí èéfín bá ti gbòde, èémí mi á há. Màmá ò pa iná. Ńṣe ni wọ́n di ẹrù mi, wọ́n mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Igbudu, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Bí wọ́n bá wá wò mí lọ́jọ́ Sunday, àbúrò mi á wà lẹ́yìn wọn, òórùn èéfín á máa tinú ọ̀já jáde. Owú yẹn ò kúrò lára mi. Ó wá dé ibi pé mo fẹ́ kí wọ́n rí kókó láyà tèmi náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa mẹ́ta jókòó ti ààrò tó tutù.

“Mama, abeg light your fire,” àbúrò mi ní. “Doctor say e small, and e no dey pain me.”

Màmá mirí. Wọ́n ní ojú á rí, ẹnu á dákẹ́. Ẹnu tèmi ò dákẹ́.

“Èmi tí mò ń húkọ́ ńkọ́, Màmá? Ẹ ò pa iná fún mi. Èmi lẹ lé.”

“Iná yẹn ló ń bọ́ yín, ọma mi. Mi ò lè pa á nígbà náà. Ìwọ, mo gbọ́ ikọ́ rẹ, mo gbé ọ sá. Èyí ò húkọ́ rí. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.”

Àbúrò mi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìyẹn náà dùn mí.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán kejì, kókó náà ò tóbi sí i. Àbúrò mi ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá sì ti dáná padà. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, mo fa àpótí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo sì húkọ́. Bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Màmá ò gbójú kúrò lára ẹja. Wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ ti àpótí mi síbi tí èéfín ò dé.