Ọjọ́ Tí Mo Rí Kúdí Lórí Ìtàgé

Ọmọ tí mo kọ́ níwèé, tí mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín ní Ìlọra, ni mo rí tó ń kọrin lórí ìtàgé n'Íbàdàn, lọ́sàn-án gangan, tí òjò Ọ́gọ́ọ̀sì ń rọ̀ lórí páànù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó gbé mi débẹ̀. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ìlọra ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, Fídítì ni ilé mi wà. Ìfẹ̀yìntì ò bá mi lára mu. Ilé dákẹ́ jù. Ni mo bá ń kó àwọn èèyàn jáde nígbà ọlidé gígùn. A ó lọ wo eré tàbí àwòrán àti ère n'Íbàdàn, a ó jẹun, a ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Ìyá Ìgbafẹ́.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀rín tirẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìmínì dìde láàárín eré, ó nàka sí òṣèré tó gbé ife sẹ́nu, ó pariwo pé, "Ìwọ ọmọ yìí, má mu ún o! Májèlé ni wọ́n fi sí i!" Òṣèré náà gbé ife sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n tún ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti máa ń ṣàlàyé fún wọn nínú bọ́ọ̀sì pé bí iná bá kú, kì í ṣe pé wọ́n mú iná lọ, eré ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀; àti pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí lórí ìtàgé, eré lásán ni.

Ìyá Kúdí kì í bá wa lọ. Kúdírátù nìkan ló bí. Ibà ló mú ọmọ náà nígbà tó ti di ọ̀dọ́bìnrin, kò sì pẹ́ tó fi gbé e lọ. Ẹ̀yìn ilé wọn ni wọ́n sin ín sí. Mo dúró pẹ̀lú àwọn obìnrin lẹ́bàá ògiri, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Látọjọ́ náà, Ìyá Kúdí ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lágbàlá rẹ̀ mọ́. Obìnrin Aládùúrà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ló rọ̀ ọ́ títí. "Ẹ jẹ́ ká lọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ìyá," ó ní. Bó ṣe wọ bọ́ọ̀sì wa nìyẹn, tó fi ìborùn aláwọ̀ ewé bo èjìká. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí nínú gbọ̀ngàn.

Iná kú. Àwọn obìnrin aláṣọ funfun jáde, wọ́n ru ìkòkò, ẹnì kan sì dá orin fún wọn. Ohùn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Kúdí ló máa ń dá orin láàárọ̀ níwájú ilé ìwé wa. Bó bá dé ìparí, á gbé ohùn náà sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀. N ò gbọ́ kí ẹlòmíràn kọrin bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbójú sókè. Mo rí eyín rẹ̀ tó ṣí láàárín. Mo rí àpá tí omi gbígbóná fi sí i lọ́rùn ní kékeré. Ojú náà ò tilẹ̀ dàgbà ju bí mo ṣe rí i gbẹ̀yìn lọ.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àkúdàáyà, ẹni tó kú síbì kan tó lọ ń gbé níbòmíràn. A sì gbọ́ pé bí ará ilé bá fi lè pe orúkọ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ojú Ìyá Kúdí ò ríran dáadáa mọ́, mo rò pé mo lè tètè mú un jáde kó tó dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú sí i, ó ti ki etí ìborùn rẹ̀ bọnu, ó fi eyín dì í mú, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá," mo rọra pè é.

Ó yọ aṣọ náà lẹ́nu. "Tíṣà, ẹ bá mi di ẹnu mi mú. Bí mo bá pè é, yóò lọ."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí orúkọ náà ṣe ń lu àtẹ́lẹwọ́ mi.

Lórí ìtàgé, obìnrin náà ń wo èrò bó ṣe ń kọrin, títí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wa. Orin dúró. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó kọjú sí wa, bí ọmọ ṣe ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dìde, ó kọ orin náà parí, ó gbé ìparí rẹ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó sì rọra wọlé. Kò jáde mọ́. Mo rí i bí àwọn tó kù ṣe ń wojú ara wọn, tí wọ́n ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìlà.

Bí eré ṣe parí, mo ní kí àwọn yòókù lọ dúró nínú bọ́ọ̀sì, mo di Ìyá Kúdí lọ́wọ́ mú, a gba ẹ̀yìn lọ. Ọ̀gá òṣèré, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, pàdé wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, obìnrin tó dá orin dà?"

"Àbẹ̀ní? Òun làwa náà ń wá, màmá. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò rí i kó jáde."

"Ṣé ó ní ẹbí?"

"Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ní òun ò lẹ́nì kankan láyé."

"Ó ní mi," Ìyá Kúdí wí.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra, aṣọ funfun Àbẹ̀ní wà lórí àga, wọ́n ti ká a dáadáa. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó tì í, kò sunkún. Ó dìde nígbà tó rí ìborùn náà.

"Màmi ní kí n dúró de ìyá àgbà tó fi aṣọ ewé bo èjìká," ó ní. "Wọ́n ní kí n máa bá yín lọ."

"Kí lorúkọ rẹ?" mo bi í.

"Àṣàkẹ́."

Ìyá Kúdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀ẹ́. Oríkì tirẹ̀ náà ni.

Èèyàn ò kàn lè gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú bọ́ọ̀sì kó máa lọ. A dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọmọ náà sì kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá òṣèré àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n wá Àbẹ̀ní dé ọsibítù, dé ilé tó ń gbé. Kò sẹ́ni tó rí i. Kò sẹ́bí mìíràn tó yọjú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìbéèrè, àwọn ìjọba fa ọmọ náà lé Ìyá Kúdí lọ́wọ́. Ìmáàmù wa ní Ọlọ́run lè dá ẹni méjì kí wọ́n jọra. Obìnrin Aládùúrà ní òun ò ní sọ ohun tí òun rí. Ní tèmi, mo rí sàréè, mo sì rí ìtàgé; n ò lè sẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlidé dé, àwọn èèyàn tún ń kanlẹ̀kùn mi, mo sì tún ń kó wọn lọ. Àmọ́ n kì í sọ fún wọn mọ́ pé eré lásán ni.

Láìpẹ́ yìí, mo gbé ọsàn lọ kí wọn n'Ílọra. Èmi àti Ìyá Kúdí jókòó lẹ́yìn ilé, Àṣàkẹ́ ń ṣeré. Ó dúró lẹ́bàá sàréè náà.

"Ìyá àgbà, ta ló wà níbí?"

Ìyá Kúdí gbé ọsàn tó ń bó sílẹ̀. "Ìyá rẹ ni."

Ọmọ náà lóṣòó, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí ilẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìkòkò ti gbóná. Ó mi orí.

"Wọn ò sí níbẹ̀," ó ní.

Ìyá Kúdí wò mí. Èmi náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ọmọ náà.

"Ó dáa," ó ní. "Wá jẹun."