Mọ́tò Tí Bàbá Mi Ní Kí N Bá Òun Wá

Òórùn ata díndín àti òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo gbé ní Clinton, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Maryland ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ata díndín ń bọ̀ láti ilé ìdáná bàbá onílé mi lókè. Ọ́ìlì ń bọ̀ láti ara bàbá onílé fúnra rẹ̀. Ará Íńdíà ni. Ogójì ọdún ló fi ṣe mẹ́káníìkì ní ìlú Kàlìkátà kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó mú un wá sí Amẹ́ríkà, tó ra ilé yẹn, tí ọmọ náà alára sì kó lọ sí Texas nítorí iṣẹ́. Ìyàwó bàbá náà ti kú. Òun nìkan ló wà lókè, èmi nìkan ni mo wà ní bésìmẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé nísàlẹ̀, a sì máa ń gbọ́ ikọ́ ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ìdánìkanwà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọsibítù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí, fáìlì kì í sì í kí ènìyàn. Tí mo bá wọlé, háì. Tí mo bá ń lọ, báì. Láàárín méjèèjì, kẹ́kẹ́ pa. Ní òpópónà wa, inú gáréèjì ni kálukú ti ń wọ mọ́tò jáde, inú gáréèjì náà ni wọ́n ń wà á wọ̀ padà, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Èmi tí wọ́n bí n'Íbàdàn, níbi tí ènìyàn á ti kí ènìyàn mẹ́wàá kó tó dé ìdí búrẹ́dì tó fẹ́ rà! Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni mo ń gbọ́ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá sì ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, àwọn nọ́ọ̀sì á sáré lọ síbi iṣẹ́, àwọn onídìílé á kó ọmọ wọn, èmi á gba Route 5 padà sínú ihò mi, màá wá fi káàdì tẹlifóònù pe ilé.

Ilé aládùúgbò wa kan ni tẹlifóònù wà n'Íbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń fa bàbá wa lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Bàbá wa wa mọ́tò ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí kòtò kan láti Ọ̀yọ́ dé Oǹdó tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tirẹ̀, Píjò 504 kan tó ti di arúgbó, ti kú sójúde, ẹsẹ̀ bàbá sì ti ń wú, kò lè fò gun ọkọ̀ èrò mọ́. Ní Sọ́ńdè kan nínú oṣù kìn-ín-ní, ó ní, "Ìwọ tó o wà níbi tí mọ́tò ti pọ̀ bí erùpẹ̀, bá mi wá ọ̀kan tó máa pẹ́. Kí n jókòó síwájú, kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa gbé mi lọ sí ọsibítù àti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ èyí tí a ó máa tì o." Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tó ń pẹ́ jù láyé yìí ni mo máa rà fún yín." Ẹnu mi dùn nígbà yẹn. Owó kọ́ ni ìṣòro, nítorí ẹni tí kò ní alábàárìn kì í rí ibi tó máa náwó sí. Ìwé ìgbélùú mi ni kò tíì jáde. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní Amẹ́ríkà, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mi ò lè lọ gbé bàbá mi dìde lórí ìjókòó. Mọ́tò yẹn nìkan ni ọwọ́ mi lè ṣe fún un, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá bàbá onílé lọ́jọ́ Sátidé. Abẹ́ mọ́tò aládùúgbò kan ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Ó yọjú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá náà ni wọ́n ń pe bàbá ní èdè tòun. Mo bi í pé mọ́tò wo ló ń pẹ́ jù. Họ́wù, mo rò pé á dárúkọ mọ́tò Amẹ́ríkà fún mi ni! Àfi bó ṣe nu ọwọ́ mọ́ àkísà, tó jókòó sórí táyà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Íńdíà.

Ó ní Ambassador ni olórí gbogbo wọn. Mọ́tò roboto báyìí, páànù rẹ̀ nípọn débi pé bí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbá a, ọwọ́ ló máa dùn ún. Ó ní òun mọ takisí Ambassador kan tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ náà sì ti ń kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà nínú rẹ̀. Òjò á rọ̀, omi á dé ìdajì ìlẹ̀kùn, awakọ̀ á dúró kó fà, á fi aṣọ nu wáyà gbẹ, á tún ṣáná sí i. Mo ní, "Ṣé kì í bàjẹ́ ni?" Ó ní, "Mọ́tò wo ni kì í bàjẹ́? Ṣùgbọ́n kò sí abúlé kan ní Íńdíà tó o ti máa wá ẹni tó lè tún un ṣe tì. Sípánà méjì àti òòlù, ó parí."

Bí Sátidé ṣe di ọjọ́ ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Ó sọ ti Padmini fún mi, èyí tí wọ́n fi ń ṣe takisí ní ìlú Bọ́ḿbè, kékeré bí ẹni tí kò jẹun kánú, tó jẹ́ pé bí ó bá di orí òkè kò mọ àárẹ̀. Ó sọ ti Maruti pínníṣín tó dé ní àwọn ọdún 1980. Ó ní gbogbo àwọn mẹ́káníìkì àgbà ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé agolo mílíìkì ni, títí wọ́n fi rí i pé ọdún mẹ́wàá ti ń lọ, àwọn tó rà á kò tíì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù àwọn. Èmi náà á gbé Píjò 504 wa dìde, màá ní kó mú Ambassador rẹ̀ wá sójú ọ̀nà Ṣakí lásìkò òjò ká wò ó. A ó jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ, bàbá onílé á sì wọlé lọ se tíì oní-mílíìkì àti atalẹ̀ fún wa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá yìí ní àkísà, mo sì fẹ́ràn láti máa wò ó.

Kò ju oṣù méjì lọ tó fi fún mi ní ìdáhùn tí mo ń wá. Ó ní, "Gbọ́, mọ́tò tó ń pẹ́ ni èyí tí mẹ́káníìkì àdúgbò bàbá rẹ mọ inú rẹ̀. Ra ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Rà á, kí o sì fi ránṣẹ́." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ṣe é. Mo ní ẹ jẹ́ kí n tún wò ó dáadáa, mo ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. A rin Clinton já, a dé Bowie, a dé Fort Washington, a ń wo mọ́tò àlòkù. Èyí tí gíà rẹ̀ ń ké, mo kọ̀ ọ́. Èyí tí gíà rẹ̀ kò ké, mo ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ń fu mí lára. Ọdún yípo. Bàbá mi kò bínú, gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ohun tó máa ń bi mí ni, "Ó ti ń bọ̀ lọ́nà?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún kejì, bàbá kò wá sí ìdí tẹlifóònù mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń dá wá. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá ń sinmi." Ó wá ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Mo ní kò sí ẹnì kankan, èmi nìkan ni. Ó ní, "Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?" Ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà: bàbá ń sinmi, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ, ṣé o ti jẹun. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ òmùgọ̀! Mo rò pé ó ń wádìí bóyá mo ti rí ìyàwó ni. Mo tilẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dààmú, tó bá ti wà lọ́dọ̀ mi, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé mi ò mọ àṣà wa o. Ọdún tó ṣáájú, èmi gan-an wà lára àwọn tó fi ikú ìyá nọ́ọ̀sì kan pamọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì wa títí ó fi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán. Èmi ni mo gbé àga sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ìjọ túfọ̀ fún un. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà. Ọmọ ọdún méje mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí ìpàkọ́, mo gbàgbé pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹlòmíràn ni wọ́n á ṣe fún èmi náà.

Ní oṣù kẹrin, bàbá onílé bínú sí mi. Ó ní tí mi ò bá ra mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, kí n má wá sọ̀rọ̀ mọ́tò lọ́dọ̀ òun mọ́. Ìbẹ̀rù mú mi, mo ra Kọrólà aláwọ̀ eérú kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá onílé tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, ó pààrọ̀ okùn ẹ́ńjìnnì, a jọ wà á lọ sí èbúté Baltimore. Ní oṣù kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti gúnlẹ̀, ó ti dé ojúde wa. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ, àbúrò mi." Ohùn rẹ̀ há, mo ní ayọ̀ ni. Mo ní, "Ṣé ẹ ti gbé Bàbá jókòó síwájú?"  Ó wá ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan nínú oṣù keje, bàbá onílé pè mí wá jẹun lókè. Ìrẹsì ló ń sè. Ó ní kí n fi tẹlifóònù tòun pe ilé, kí n lè kí bàbá mi fún òun. Mo pè. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, mo sì ní, "Bàbá onílé mi ni."

Ó ní, "Àgbà ni?"

Mo ní, "Àgbà ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ju Bàbá lọ díẹ̀."

Ó ní, "Gbé fóònù fún un."

Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò. Mo gbé e fún un. Bàbá náà ń gbọ́, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Ó na ọwọ́, ó pa iná ìdáná. Ó gbé ọ̀bẹ tó wà nítòsí mi, ó fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì láìpa á, ó wá sẹ́yìn mi, ó fi apá méjèèjì gbá mi mọ́ra le dandan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n kọ́kọ́ dì ọ́ mú kí n tó sọ ọ́. Mo ti dì ọ́ mú." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

Mo ké. Mo ké bí ọmọdé, nínú ilé ìdáná ará Íńdíà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbọ́ mi lórí fóònù, òun náà ń sunkún. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò rán àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi sí mi. Ó ní, "Ta ni a bá rán? O ò fún wa ní nọ́ńbà ẹnì kankan rí." Òótọ́ ni. Mi ò ní ẹnikẹ́ni tí mo lè fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní àwọn ẹbí ní bí mo bá dá gbọ́, mo lè ṣe ara mi léṣe, tàbí kí n fò wálé kí ìwé mi sì bàjẹ́. Wọ́n ti sin ín. Oṣù márùn-ún. Mọ́tò tí mo fi ọdún kan lé wá, inú ilé tí kò sí bàbá ló dé.

Mo bi í pé ọjọ́ wo gan-an. Ó ní Sátidé kejì nínú oṣù kejì ni, lọ́sàn-án.

Ọdún púpọ̀ ti lọ. Bàbá onílé náà ti lọ bá àwọn bàbá rẹ̀, Fairwood ni mo ń gbé nísinsìnyí, mo ní ìyàwó, mo ní àwọn ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ilé mi kì í dá rárá. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Yìnyín ló bọ́ lọ́jọ́ náà, a ò lè jáde lọ wo mọ́tò kankan, mo sì dúpẹ́ pé a ò lè jáde. Nítorí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ síta, pé ọjọ́ tí mo bá ra mọ́tò ni ọ̀rọ̀ Sátidé wa máa parí, tí màá padà sí bésìmẹ́ǹtì. Òun ló jẹ́ kí gíà máa ké létí mi. A mu tíì, bàbá onílé ṣe bí Ambassador ṣe ń pariwo gun afárá fún mi, ó ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì, ó ń fi abọ́ ṣe ọwọ́ ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí pé kí ni mò ń ṣe lọ́jọ́ tí Bàbá ń lọ. Mo ní ibi iṣẹ́ ni mo wà.