Ohun Tí Omi Ń Fi Ojú Èèyàn Ṣe

Mọ́ṣúárì ni àbúrò bàbá mi tó kéré jù ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń gba òkú wọlé, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sí yàrá tútù títí ẹbí á fi dé. Ohùn tí èèyàn fi ń bá ọmọ tó ń tòògbé sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bá òkú sọ̀rọ̀. "Ẹ rọra o, mo fẹ́ gbé apá yín." "Omi yìí tutù díẹ̀, ẹ má bínú."

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n máa ń dá yín lóhùn?"

"Wọn kì í dá mi lóhùn, wọn kì í sì í yọ mí lẹ́nu bíi tìẹ."

Aránṣọ kan wà lódìkejì títì wa tó jẹ́ pé tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á dúró gbọ́. Òun ni Bọ̀ọ̀dá fẹ́ fẹ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ya ṣòkòtò wọn kí wọ́n lè rí ohun gbé lọ fún un. Nígbà tó ku èyí tó wà nídìí wọn nìkan, mo bá wọn bẹ obìnrin náà pé kó wá kí wa, kí àbúrò bàbá mi má baà rìn níhòòhò. Ìyàwó wa ni mo ti ń pè é látìgbà náà, bó tilẹ̀ jù mí lọ.

Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú. Bọ̀ọ̀dá sáré lọ fọ ife ní kíṣìnnì. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́, obìnrin tó ti ń rán aṣọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ bá sùn lọ sórí àga, ẹnu là sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dé pẹ̀lú tíréè, wọ́n sì rí i. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, ojú mi ló ṣe. Wọ́n gbé tíréè sílẹ̀ láìdún. Wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, wọ́n tún orí rẹ̀ ṣe, wọ́n kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ikùn, wọ́n fa aṣọ orí tábìlì, wọ́n sì fi bò ó títí dé orí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n ń sọ. "Ó ti parí."

Ọwọ́ wọn ló ṣe é, ọkàn wọn ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ pariwo, ẹ̀rín ò jẹ́. Ìyàwó wa jí sábẹ́ aṣọ. Igbe tó ké! Ó fò dìde, aṣọ tábìlì ṣì wà lórí rẹ̀, ó gba ìta lọ, ó ń pariwo pé, "Wọ́n ti tẹ́ mi o! Mi ò tíì kú o!"

Láti ọjọ́ yẹn, tí Bọ̀ọ̀dá bá ń kọjá, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á pa dé. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tó yá mo dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ dàgbà sáàárín àwọn tí kì í dáni lóhùn.

Ni mo bá gbé oúnjẹ lọ bá wọn níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Ìyàwó wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò wá torí yín o," ló sọ fún Bọ̀ọ̀dá.

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan ni. Kí ni omi ń fi èèyàn ṣe?"

Ó wá sọ fún wa pé odò ló gbé bàbá òun lọ, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí òkú wọn. Àbúrò òun ọkùnrin tó jẹ́ káfíńtà ló lọ wò wọ́n. Àbúrò yìí náà ló kan pósí pa, kò jẹ́ kí òun rí nǹkan kan. Títí di òní, tí òun bá rí ẹ̀yìn bàbá àgbàlagbà kan ní títì, òun á sáré yí lọ wojú rẹ̀, bóyá bàbá òun ni.

Bọ̀ọ̀dá nu ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó. Ohùn tí wọ́n fi ń bá òkú sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi dá a lóhùn.

"Ibi tí ẹ̀mí bá fi ara sí, ìwà ibẹ̀ ni ara ń kọ́. Á kọ́kọ́ tutù, á gan, á tún wá rọ̀. Nínú iyanrìn gbígbẹ, iyanrìn á mu gbogbo omi ara rẹ̀, awọ á lẹ̀ mọ́ eegun bí awọ bàtà. Lórí òkè tí yìnyín wà, á kàn dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí àkókò gbàgbé. Nínú amọ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ ò dé, ọ̀rá ara á di nǹkan funfun bí ọṣẹ, ìrísí rẹ̀ á sì pẹ́ níbẹ̀. Nínú yàrá tó móoru, àwọn nǹkan tíntìntín tó ti ń bá wa da oúnjẹ látọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé tí wọ́n ń gbé. Eṣinṣin á ti gbọ́ kí ẹbí tó gbọ́."

"Omi ńkọ́?"

"Omi á kọ́kọ́ gbé e pamọ́ sísàlẹ̀. Tó bá wá wú, á tún gbé e sókè. Awọ ọwọ́ á bọ́ bí ìbọ̀wọ́. Ojú tí omi bá dá padà, ojú omi ni. Ìyá tó bí i lè wò ó, kó ní kì í ṣe ọmọ òun."

"Báwo wá ni àbúrò mi ṣe mọ̀ pé bàbá wa ni?"

Ọlọgbọ́n afẹ́sọ́nà ì bá ti wá irọ́ dídùn kan pa. Bọ̀ọ̀dá ní, "Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ bi í."

Ó kọjú sọ́nà. "Ẹ bá mi lọ bá a. Tí mo bá dá lọ, màá sá padà."

Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ta ló fẹ́ gbẹ́yìn? Ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó ń fò nínú oòrùn bí àlá. Káfíńtà ń fá pákó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹsẹ̀ ni, Àǹtí mi. Bàtà bàbá wa ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo bọ́ ọ, mo rí ọmọ ìka tó gun èkejì." Ó bọ́ bàtà tirẹ̀. Ìka kan náà nìyẹn, ó gun èkejì rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìwọ ọmọ yìí! O ò lè sọ ti ẹsẹ̀ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Tí mo bá sọ ti ẹsẹ̀, ẹ máa béèrè ti ojú. Èmi ń rí i lójú oorun. Mo rò pé ẹnì kan tó láti máa rí i."

Ó gbá a lẹ́yìn, ó tún fà á mọ́ra, wọ́n jọ ń sunkún, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé etí odò tí Ìyàwó wa kò tíì sún mọ́ látìgbà tó ti gbé bàbá rẹ̀ lọ. Omi ń lọ bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan rí. Òun àti Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí òkúta kan, èmi dúró lẹ́yìn, mo ń díbọ́n pé mò ń wo ẹyẹ.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ló bi Bọ̀ọ̀dá. "Tẹ́ ẹ bá kú, ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé yín sí?"

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

"Ibi tí ẹ bá ti wà nítòsí."

Ó sún mọ́ wọn lórí òkúta. "Ẹ jókòó dáadáa jàre," ló sọ. "Ẹ ò tíì ní lọ síbì kankan."