Iyán Ọwọ́ Ẹni Tó Ń So Bọ́ǹbù

Ìyá mi kì í jẹ iyán ọwọ́ ẹni tí inú ń bí. Bí ẹ bá ń jà, ẹ má dé ìdí odó rẹ̀ ní Ìjurìn, ìlú wa. Ó ní ìbínú a máa bá iyán wọ inú ẹni tó bá jẹ ẹ́. Bí mo bá ti gba ìsinmi wálé, èmi ni mo ń gúnyán fún un, òun ni yóò sì kọ́kọ́ bu òkèlè. Mi ò fẹ́ kí ohunkóhun gba àyè yẹn lọ́wọ́ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi purọ́ fún un nígbà ogun abẹ́lé. Wẹ́dà ni mí, mo sì sọ fún un pé ọkọ̀ òfurufú là ń tún ṣe. Òótọ́ ni, àmọ́ mo bù ú kù. Ọkọ̀ tó ń kó èrò tẹ́lẹ̀ ni àwọn ológun gbé fún wa. A yọ àga inú rẹ̀, a jó irin tí yóò gbé bọ́ǹbù ró, a fi bóòtù dè é mọ́ abẹ́ apá rẹ̀. Bí a bá so bọ́ǹbù tán, èmi ni mo ń yọ píìnì rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́. Bí píìnì bá ti kúrò, tí bọ́ǹbù bá bọ́ sílẹ̀, yóò bú gbàmù. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ò rìn tó bẹ́ẹ̀. Èmi ọ̀lẹ, n ò yẹ àpò ṣòkòtò mi wò kí n tó kó aṣọ fún un fọ̀, píìnì kan sì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ti ibi tí a ń sá kòkó dé, mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń fi píìnì fa igbín yọ nínú ìkarahun, inú rẹ̀ ń dùn.

“Irin yìí mà mú o! Kí lẹ ń fi í ṣe níbi iṣẹ́?”

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà irọ́ tán lẹ́nu mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé igbín ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Àwọn tí ẹ ń sọ ọ́ lù, ṣé wọ́n ní ìyá nínú ulé?”

“Wọ́n ní, Yèyé.”

Ó dìde, ó gbé iṣu kaná. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti bùṣe, kò tún ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi láé. Ìbá ṣépè, ìbá sunkún, ìbá sàn fún mi.

Nígbà tó pẹ́, ó pè mí. “Uṣu ti jiná. Gbé odó wá.”

“Yèyé, ọwọ́ mi yìí náà?”

“Ṣebí èmi ni mo bí i.”

Ó bu omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì fún mi títí dé ìgúnpá. Ó ní bí mo bá padà, kí n bẹ̀ wọ́n fún iṣẹ́ mìíràn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé mi lọ sí ìdí ọkọ̀ ẹrù. Oore ti pọ̀ lórí mi láyé yìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mò ń dúpẹ́ rẹ̀ tó omi ọjọ́ náà.

Bó ti fọ ọwọ́ mi tán, mo gúnyán. Òun ló kọ́kọ́ bu òkèlè. Omijé rẹ̀ ń kán sínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.